Àlòkù Ọkọ̀ Ojú Irin: Àǹfààní Wo Ni Ó Lè Ṣe fún Àwọn Abúlé Ìbàdàn?

Kò sí ìyàwó ilé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ tí í ju aṣọ nù lọ́jọ́ tí ó bá kọ́kọ́ ya. Ìró tí ó gbó yóò di ọ̀já. Ọ̀já tí ó bá sì tún gbó yóò di òṣùká. Òṣùká tí kò bá ṣeé ká mọ́ yóò di aṣọ ìnulẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe kí a tó bí wa, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń ṣe ní Akínyẹlé àti ní Àkáńrán títí di òní olónìí. Nígbà tí Olúwa wa fi ìṣù àkàrà márùn-ún àti ẹja méjì bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi èyí tí ó kù sílẹ̀ nínú koríko. Ó ní kí wọ́n ṣà á jọ, agbọ̀n méjìlá sì ni ó kún. Ẹni tí ó lè sọ díẹ̀ di púpọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣe aláìní, síbẹ̀ kò fẹ́ kí nǹkan ṣòfò.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọ̀ràn àṣẹ́kù yìí kan náà ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n àṣẹ́kù tí ó tóbi ju ìró àti èérún àkàrà lọ ni. Ọkọ̀ ojú irin ni. Ní àwọn ìlú ńláńlá ayé, níbi tí iná mànàmáná ti ń wa ọkọ̀ tí ń kó òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ tí ó sì ń kó wọn padà wálé ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ń dá dúró nígbà tí ara wọn ṣì le. Kì í ṣe pé wọ́n ti kú. Ọkọ̀ tuntun ni ó dé, wọn kò sì rí àyè fún ti àtijọ́ mọ́. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: kí ni ènìyàn lè fi irú àlòkù bẹ́ẹ̀ ṣe? Bí ẹnìkan bá sì mú un wá bá àwa ará Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, kí ni kí a wí fún un?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá lásán. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí nítòsí wa, ní Èkó.

Ní ọdún 2011, wọ́n kéde ní Èkó pé a ó ra àwọn kọ́ọ̀ṣì àlòkù láti ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, fún ojú irin tuntun tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń ṣe lọ́wọ́ láti Mọ́rínà lọ sí ọ̀nà Mile 2. Àárín ọdún 1976 sí 1979 ni a ti ṣe ọ̀wọ́ àwọn kọ́ọ̀ṣì tí a ń pè ní H5, wọ́n sì ti sin àwọn ará Toronto fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ó lé nínú ihò abẹ́ ilẹ̀. Alumíníọ́mù ni ara wọn, wọn kì í dípẹtà bí irin. Ẹni tí ó bá rí wọn lẹ́sẹ̀ kan náà yóò wí pé ọjà tòkunbọ̀ gidi nìyí.

Ṣùgbọ́n ìṣòro méjì wà níbẹ̀ tí ojú kì í tètè rí. Ìkínní ni ti ẹsẹ̀. Àlàfo tí ó wà láàrín irin méjèèjì tí ọkọ̀ ń gùn ní Toronto jẹ́ mìlímítà 1495, ti Èkó tí à ń ṣe sì jẹ́ mìlímítà 1435. Mìlímítà 60 péré ni ìyàtọ̀ náà, kò tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti sọ ọkọ̀ sínú kòtò. Nítorí náà, ètò ni pé a ó kọ́kọ́ kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà, kí a tún wọn ṣe, kí a sì pààrọ̀ ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó wá sí Èkó. Ìkejì ni ti àkókò. Ní ọdún 2013 ni ọ̀wọ́ H5 kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá ní Toronto. Ojú irin Èkó kò tíì parí nígbà náà. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni a ṣí apá kìíní rẹ̀, kìlómítà 13, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni èrò sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ọdún méjìlá ni ó wà láàrín ìkéde náà àti ìṣíde. Ẹni tí ó ra ẹṣin kí ó tó ní ìjánu àti pápá yóò máa gé koríko fún un lójoojúmọ́ láì gùn ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí ni pé kò sí ọ̀kankan nínú àwọn kọ́ọ̀ṣì Toronto wọ̀nyí tí ó gbé èrò rí ní Èkó. Ọkọ̀ tuntun láti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ń sáré lórí ojú irin náà lónìí, tí iná mànàmáná ń bá gba inú irin kẹta tí a tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wọlé sára rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń fi Èkó ṣẹ̀fẹ̀. Èkó náà ni ó fi hàn lẹ́yìn èyí pé a lè ra àlòkù kí ó sì yọrí sí rere. Ní ọdún 2009, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ra ọkọ̀ ojú irin méjì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Talgo ti ilẹ̀ Spéènì, ní mílíọ̀nù dọ́là 47. A to ọkọ̀ náà parí ní ìlú Milwaukee, ṣùgbọ́n ìjọba yí padà, gómìnà tuntun kò fẹ́ ètò náà, ọkọ̀ méjèèjì sì dúró lásán fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, láì gbé èrò kankan. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó rà wọ́n. Ìlà Pupa tí wọ́n rà wọ́n fún, láti Agbádó dé Oyíngbó, ni a ṣí ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 2024, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe oníná mànàmáná. Orí ọkọ̀ tí ń mu dísẹ́ẹ̀lì ni ó ń fà wọ́n. Ìyẹn gan-an ni ó jẹ́ kí ó rọrùn: ẹsẹ̀ wọn bá ojú irin mu, ojú irin sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délẹ̀, wọn kò sì béèrè iná tí kò sí.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ojú wa kọjá òkun díẹ̀, kí a wo bí àwọn mìíràn ti ṣe é.

Ní ìlú Jakarta ní ilẹ̀ Indonéṣíà, láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń gba àlòkù ọkọ̀ oníná láti Jàpáànù. Kọ́ọ̀ṣì 72 ni ó kọ́kọ́ wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn láti ìlú Tokyo, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń rà á ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Àwọn ọkọ̀ náà di ẹsẹ̀ ìlú náà pátápátá. Kí ló fà á tí tiwọn fi dára? Ojú irin Jàpáànù àti ti Indonéṣíà jẹ́ ìwọ̀n kan náà, mìlímítà 1067, okùn iná tí ń bẹ lókè ojú irin wọn sì jẹ́ agbára kan náà. Bí ẹni gbé ìyàwó láti ilé aládùúgbò ni. Èdè kan náà ni wọ́n jọ ń sọ. Síbẹ̀, ní ọdún 2023, ìjọba wọn kọ̀ láti jẹ́ kí a tún máa kó àlòkù wọlé, wọ́n ní àkókò tó láti máa lo ọkọ̀ tuntun. Àlòkù ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gòkè. Kò yẹ kí ó di àtẹ̀gùn tí ènìyàn jókòó lé títí láé.

Ìtàn Manila ní ilẹ̀ Filipíìnì ni ó yẹ kí àwa gan-an fetí sí. Ní ọdún 2011, wọ́n rí kọ́ọ̀ṣì 40 gbà láti Jàpáànù, irú èyí tí ó ti ń sáré ní Tokyo láti ọdún 1982. Ọkọ̀ oníná ni, ṣùgbọ́n kò sí okùn iná kankan lórí ojú irin Manila. Àwọn ará ibẹ̀ kò sọkún. Wọ́n so kọ́ọ̀ṣì náà mọ́ ẹ̀yìn orí ọkọ̀ tí ń mu dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì fi ẹ̀rọ amúnáwá sínú rẹ̀ fún iná àti fún afẹ́fẹ́ tútù, wọ́n wá ń fà á lọ bí ẹní ń fa ọmọlanke. Nítorí àwọn ọmọ ìpáǹle tí ń sọ òkò, wọ́n fi àwọ̀n irin bo ojú fèrèsé. Ọkọ̀ tí a ṣe láti máa sáré fúnra rẹ̀ wá di ọkọ̀ tí a ń fà, èrò sì ń dé ibi tí ó ń lọ.

Ní Ìlú Ọba, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Erékùṣù kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Isle of Wight. Ihò tí ọkọ̀ ń gbà kọjá nínú ìlú Ryde kò ga, ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀ ọ́. Nítorí náà, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ó ti dàgbà ní abẹ́ ilẹ̀ London ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀. Èyí tí a ṣe ní ọdún 1938 ṣì ń gbé èrò ní erékùṣù náà títí di oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwọn tí ó rọ́pò rẹ̀ pàápàá, àlòkù London ni a tún ṣe. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n, Vivarail, tún ń fi ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì tàbí bátìrì sínú irú àlòkù bẹ́ẹ̀, kí ó lè rìn níbi tí kò sí iná lójú ọ̀nà. Ilé iṣẹ́ náà wó ní òpin ọdún 2022, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò wó: ní oṣù kejì ọdún 2024, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ oníbátìrì náà rin ibùsọ̀ 86, èyí tí í ṣe nǹkan bí kìlómítà 138, láì tún gba iná kún un lójú ọ̀nà. Kí a lè mọ bí èyí ti tó, ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn jẹ́ kìlómítà 157. Kò tíì gbé wa délé tán, ṣùgbọ́n ó ti gbé wa kọjá ìdajì ọ̀nà dáadáa.

Àwọn kan kò jẹ́ kí ọkọ̀ rìn mọ́ rárá. Ní àdúgbò Shoreditch ní London, láti ọdún 2007, wọ́n gbé kọ́ọ̀ṣì àtijọ́ lé orí òrùlé ilé kan, àwọn oníṣẹ́ ọnà sì ń jókòó ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ní New York, láti ọdún 2001, wọ́n kó kọ́ọ̀ṣì tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn àti epo inú wọn, wọ́n sì tì wọ́n sínú òkun kí ẹja lè fi wọ́n ṣe ilé. Àwọn tí a fi irin nípọnnípọn ṣe dúró, ẹja sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé irú èyí tí a fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í dípẹtà ṣe lọ sí òkun New Jersey ní ọdún 2008, kò pẹ́ tí wọ́n fi wó lulẹ̀. Ohun tí ó dára fún iṣẹ́ kan lè máà dára fún òmíràn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe àjèjì sí ọkọ̀ ojú irin. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó. Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wọ Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba Lálúpọn ní ilẹ̀ Lágelú kọjá lọ sí Ìwó, ó sì dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Àwọn bàbá wa ru kòkó àti ẹ̀kùrọ́ wá sí ẹ̀bá ojú irin náà, owó rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì. Lónìí, a kì í gbọ́ fèrè ọkọ̀ lójoojúmọ́ ní Lálúpọn mọ́ bí ti àtijọ́. Ojú irin tuntun, èyí tí ó fẹ̀ jù, dé Mọ́níyà ní ilẹ̀ Akínyẹlé, níbi tí a ti sọ ibùdókọ̀ ní orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, a sì ṣí i ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2021. Ojú irin méjì ni a ní, ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 1067, èkejì jẹ́ 1435. Kò sí èyí tí okùn iná wà lórí rẹ̀, kò sì sí irin kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ oníná mànàmáná tí a bá gbé sí Mọ́níyà bí ó ti wà dà bí ọkọ̀ ojú omi tí a gbé sí àárín oko. Kò sí ibi tí yóò lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìwọ̀n ojú irin àtijọ́ wa tí ó gba Lálúpọn kọjá ni ìwọ̀n ojú irin Jàpáànù, òun náà ni ti Jakarta àti ti Manila. Bí ìjọba bá jí ojú irin náà dìde ní ọjọ́ kan, ohun tí Manila ṣe kò jìnnà sí wa: kọ́ọ̀ṣì àlòkù, orí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ amúnáwá kékeré fún iná. A ní láti wo gíga rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ lórí afárá, àti bí ìkọ́ rẹ̀ yóò ti bá ìkọ́ tiwa mu. Iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kéré tán, bá ọ̀nà mu. Ìyá tí ń ta gàrí ní Ejíòkú àti àgbẹ̀ tí ń gbin tòmátò kò ní béèrè ilẹ̀ tí a ti ṣe ọkọ̀ náà. Ohun tí wọn yóò béèrè ni wákàtí tí yóò dé, àti bóyá àyè wà fún àpò wọn.

Kí ni a ó wá wí nípa kọ́ọ̀ṣì tí kò ní rìn, èyí tí ẹlòmíràn yóò fẹ́ fi ṣe ilé ìwòsàn, ilé ìkàwé tàbí àká sí abúlé? Ọkàn wa fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn abúlé tí kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò kéré. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣírò kí a tó jó.

Kọ́ọ̀ṣì Toronto kan gùn ní mítà 22 ó lé, ó sì fẹ̀ ní mítà 3 ó lé díẹ̀. Ilẹ̀ tí yóò gbà tó àyè kíláàsì kan tí ó tóbi dáadáa. Ṣùgbọ́n kòǹtẹ́nà gígùn tí ẹ ń rí lórí tírélà jẹ́ mítà 12 péré, ẹ sì mọ bí tírélà náà ti máa ń há ní ìkóríta. Ta ni yóò gbé èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìlọ́po méjì rẹ̀ gba ọ̀nà oko kọjá lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Àkáńrán, ní oṣù keje, nígbà tí òjò ti sọ ilẹ̀ di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀? A lè gé e sí méjì, ṣùgbọ́n owó ni. Owó tí a ó fi gbé e dé Ọ̀nà-Àrà lè tó èyí tí a ó fi mọ ilé bíríkì tí ó tutù jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ ooru náà ń bẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ṣe láti máa lo ẹ̀rọ amúlétutù, fèrèsé kì í ṣí tàbí kí ó ṣí díẹ̀. Níbi tí kò bá sí iná, inú ilé irin bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán oṣù kejì yóò dà bí inú ààrò. Ẹ má ṣe kó ìyá ọlọ́mọ tuntun síbẹ̀, ẹ má sì ṣe kó iṣu síbẹ̀, nítorí iṣu náà ń mí, ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi ń so ó mọ́ ọ̀pá nínú ọgbà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí a bá fẹ́ lò ó, a ní láti ta òrùlé ewé tàbí páànù lé e lórí pẹ̀lú àlàfo láàrín, kí a sì yọ lára fèrèsé rẹ̀ kí a fi àwọ̀n ẹ̀fọn sí i.

Ewu kan tún wà tí ojú kò rí. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan, wọ́n fi ohun kan tí à ń pè ní asbestos sí abẹ́ ilẹ̀ àti sára ògiri láti dá iná dúró. Eruku rẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, a sì máa fa àìsàn tí kì í hàn títí ọ̀pọ̀ ọdún yóò fi kọjá. Àwọn ọkọ̀ tí New York tì sínú òkun ní i nínú, ó sì fa àríyànjiyàn. Ẹni tí ó bá fún wa ní kọ́ọ̀ṣì láì fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé a ti yọ èyí kúrò kò fún wa ní ẹ̀bùn. Ẹrù rẹ̀ ni ó gbé sọ̀ sí wa lọ́rùn. Kí a má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin wa fi òòlù lásán fọ́ inú rẹ̀ nítorí àtita irin.

Níbo wá ni àlòkù yìí ti lè wúlò fún wa? Èrò tiwa nìyí. Ní ẹ̀bá ojú irin gan-an, bí Mọ́níyà tàbí Lálúpọn, níbi tí a lè fi orí ọkọ̀ fa kọ́ọ̀ṣì dé láì gbé e gba títì, ọ̀kan tàbí méjì lè di ibi tí àwọn ìyá yóò ti dúró de ọkọ̀ láìsí òjò lórí wọn, tàbí ibi tí a ó ti máa wọn ọjà tí a ó sì kó àpò gàrí àti àgbàdo gbígbẹ sí di ọjọ́ kejì. Gàrí kò dà bí iṣu. Ibi gbígbẹ ni ó fẹ́. Nínú oko lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kí a fi odindi kọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kí a mú ẹ̀yà ara rẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ yóò di bẹ́ǹṣì ilé ìjọsìn àti ti ilé ìwòsàn. Gíláàsì rẹ̀ nípọn, yóò di fèrèsé. Ọ̀pá tí èrò ń dì mú yóò di ìdimú fún àwọn arúgbó ní ẹnu ọ̀nà.

Ní ti alumíníọ́mù ara rẹ̀, àwọn ènìyàn wa ti mọ ohun tí à ń fi í ṣe láì sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní yunifásítì. Àwọn tí ń da ìkòkò ń yọ́ àlòkù alumíníọ́mù, wọ́n sì ń dà á sínú yanrìn tí wọ́n ti fi ṣe àwòrán. Ìkòkò tí ìyàwó ilé fi ń se ẹ̀bà lálẹ́ lè ti jẹ́ ara ẹ̀rọ ọkọ̀ kan rí, ó sì lè pẹ́ ju ẹni tí ó rà á lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Ó wà nínú ìlò tí ó dára jù lọ fún ọkọ̀ tí ó ti parí ìrìn àjò rẹ̀, nítorí ó ń fi oúnjẹ sí ẹnu àwọn ọmọ níbí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni ó sì wúwo jù lọ́kàn wa. Àwọn kan nínú wa yóò wí pé ìtìjú ni kí a máa lo ohun tí àwọn òyìnbó tàbí àwọn ará Jàpáànù ti lò sílẹ̀. A kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gba aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀ kò jalè. Ohun tí ó jẹ́ ìtìjú ni kí a gba ohun tí a kò nílò nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kí a gbé e sílẹ̀, kí koríko bò ó, kí ejò sì máa pamọ́ sínú rẹ̀. Melòómelòó ni ẹ̀rọ omi tí a fi ẹ̀bùn gbé wá sí abúlé tí ó ti dákẹ́, nítorí kò sí ẹni tí a yàn láti máa fi epo sí i? Ẹ̀bùn tí kò ní olùtọ́jú, ẹrù ni.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ yín, tàbí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọ yín, tí ó ní òun fẹ́ gbé àlòkù ńlá kan wá, yálà kọ́ọ̀ṣì tàbí ohun mìíràn, ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún kí ẹ tó na ọwọ́. Ọ̀nà wo ni yóò gbà dé ibí, ta ni yóò sì san owó rẹ̀? Kí ni ó wà nínú rẹ̀ tí ó lè pa wá lára, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dà? Ilẹ̀ ta ni yóò dúró lé, ṣé àwọn ẹbí onílẹ̀ sì ti fi ọwọ́ sí i? Ta ni yóò máa gbá a, tí yóò máa kùn ún, tí yóò máa di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú? Èkarùn-ún ni kí ẹ bi ara yín: iṣẹ́ wo ni a ti ń fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ kí a tó gbọ́ nípa rẹ̀? Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn sí èyí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa lọ ní àlàáfíà.

Ìbéèrè ìkarùn-ún yìí ni ó ya Jakarta sọ́tọ̀. Ìlú náà ti ní ojú irin, ó ti ní iná, ó ti ní èrò tí ń dúró. Ọkọ̀ nìkan ni ó kù. Òun ni ó ya ìrà àkọ́kọ́ Èkó sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì pẹ̀lú. Òṣùká dára lórí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ẹrù láti rù kò nílò rẹ̀. Ẹrù tiwa ni èso oko tí ń rà lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ tí ń rin ọ̀nà jíjìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́, àti ìyá tí ń dúró de ọkọ̀ nínú òjò ní ìkóríta. Kí a kọ́kọ́ mọ bí ẹrù náà ti wúwo tó àti ibi tí à ń rù ú lọ. Lẹ́yìn náà ni a ó mọ irú òṣùká tí a ó ká.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti má ṣe fi nǹkan ṣòfò, kí ó sì tún fún wa ní ọgbọ́n láti mọ èyí tí kì í ṣe tiwa láti kó jọ.